Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Elmina

Láti Cape Coast sí Elmina kò ju kìlómítà 12 lọ. Bí ọkọ̀ bá ti kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, òkun á wà lápá òsì, igi àgbọn á tò lọ rẹrẹẹrẹ, atẹ́gùn oníyọ̀ á máa gba ojú fèrèsé wọlé, títí ilé olódi funfun kan á fi yọrí lórí àpáta létí omi. Àwọn Potogí ló kọ́ ọ ní ọdún 1482. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1637, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1872. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó àìlóǹkà ènìyàn wọ ọkọ̀ ẹrú, ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò fi máa ń tò síwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èmi náà ti wọ inú rẹ̀ rí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kẹ́yìn sí i. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo bá wá.

Ẹ̀gbẹ́ ilé olódi náà gan-an ni ọ̀sà Benya ti ń já sínú òkun. Afárá kan dá ọ̀sà náà kọjá, orí afárá yìí ló sì yẹ kí àlejò kọ́kọ́ dúró sí, nítorí ọjà ẹja wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ibùdókọ̀ àwọn apẹja wà lápá kan, ẹnu òkun wà lápá kejì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo débẹ̀. Ọkọ̀ ìpẹja ti kún ọ̀sà náà débi pé ọmọdé lè ti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn títí yóò fi dé òdìkejì láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Kò sí èyí tó ń jáde, kò sí èyí tó ń wọlé. Àsíá nìkan ló ń mì lórí wọn: ti Gánà, ti Chelsea, ti Barcelona, àti àwọn mìíràn tó ti gbó débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ ti ẹni tí wọ́n jẹ́ mọ́. Wọ́n fi ọ̀dà pupa, búlúù àti yẹ́lò kun ọkọ̀ wọ̀nyí, wọ́n kọ ẹsẹ Bíbélì, orúkọ ìyá wọn àti ọ̀rọ̀ sí elénìní sí i lára. Ẹni tó bá rántí ara mólúè Èkó àtijọ́ yóò mọ irú ìkọ̀wé tí mò ń wí.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe kékeré rárá. Èyí tó ń gbé àwọ̀n ńlá lè gùn tó mítà 15, ó sì lè gba ogún ènìyàn. Odindi igi kan ni wọ́n gbẹ́ láti fi ṣe ìdí rẹ̀, kí wọ́n tó fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga sókè kí ìgbì má baà borí rẹ̀. Wawa ni wọ́n ń pe igi náà ní Gánà. Arère ni tiwa. Inú igbó òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń gé e tí wọ́n sì ti ń gbẹ́ ẹ, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e wá sétí òkun. Igi arère tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n, owó ọkọ̀ tuntun sì ti di ohun tí àwọn ẹbí ń dá jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lábẹ́ àtíbàbà kan nítòsí ọjà, àwọn ọkùnrin jókòó sórí àwọ̀n wọn, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ká àwọ̀n mọ́lẹ̀ kó lè le dáadáa, wọ́n ń hun ibi tó ya. Mo kí wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún gbójú sókè, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Ọmọ Èkó ni ọ́, àbí?”

Yorùbá ló fi sọ ọ́, Yorùbá tó dá ṣáká. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, àwọn ọ̀dọ́ tó yí i ká sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yìí ti pẹja létíkun Èkó títí di oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ, tí àwọn ará Gánà kó ẹrù wọn sínú báàgì tí a ṣì ń fi orúkọ wọn pè dòní. Kò kanra sọ ọ́. Ó kàn fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n rẹ̀ tọ́ka sí mi, ó ní, “Àwa la kọ́kọ́ lé yín ní 1969. Ẹ gbẹ̀san ni. Jókòó.”

Mo jókòó.

“Bàbá, kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò lọ sókun lónìí?”

“Ìṣẹ́gun mà ni. Òkun ló ni òní.”

“Tí ẹnì kan bá wá lọ ńkọ́?”

“Ta ni? Ọ̀nà wo ló máa gbà? Ẹnu ọ̀sà yìí kan náà ni gbogbo wa ń bá jáde. Bó bá ń lọ, a ó rí i. Bó bá ń bọ̀, a ó rí i. Ẹja tó bá kó dé, obìnrin wo ló máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Olórí apẹja á ránṣẹ́ pè é. Á gbé àgùntàn wá, á gbé ọtí wá, á san owó. Wọ́n tiẹ̀ lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbé pamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò ní yéé fi ṣe yẹ̀yẹ́.”

Gbogbo òfin Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wà nínú ìdáhùn yẹn. Àwọn Fante ní Elmina àti àwọn Ga lágbègbè Accra jọ ń pa á mọ́. Ní àwọn ibòmíràn létíkun Gánà, ọjọ́ mìíràn ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Àwọn àgbà ní ọjọ́ òrìṣà òkun ni, pé ẹni tó bá jáde lè pàdé ohun tí kò fẹ́ẹ́ rí. Àwọn onímọ̀ nípa ẹja ní ó dára nítorí pé ó ń fún ẹja ní ìsinmi ọjọ́ kan nínú méje. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ní tòun ni pé òun á fi ọjọ́ náà sùn. Mo fara mọ́ gbogbo wọn. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìlú náà ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí òkun kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣe. Wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n ń dí ọkọ̀ tó ń jò, wọ́n ń parí ìjà. Ẹjọ́ kan ń lọ lọ́wọ́ nítòsí wa níbẹ̀: ọkọ̀ kan ti gba orí àwọ̀n ọkọ̀ kejì kọjá lóru, ó sì ti fà á ya. Ẹni tó ni àwọ̀n náà fọhùn, ẹni tó ni ọkọ̀ fọhùn, àwọn àgbà béèrè ibi tí oníkálukú wà sí èkejì rẹ̀ àti bóyá fìtílà wà lórí àwọ̀n náà. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí agbẹjọ́rò. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti bu iye tí ọlọ́kọ̀ náà máa san.

Olórí apẹja tó ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìlú ló yàn án, ìjọba náà sì mọ̀ pé bí wọn kò bá bá a sọ̀rọ̀, kò sí ìkéde tó máa mú etí òkun. Òun ni àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kámẹ́rà, ẹ fetí sí èyí: àwọn apẹja kì í fẹ́ kí a ya àwọn láwòrán láìbéèrè, wọ́n sì máa ń wí i jáde, tí ohùn wọn á sì ròkè. Mo rí òyìnbó kan tí wọ́n pariwo mọ́ títí tó fi sá padà sẹ́yìn odi.

Òfin inú ìwé pọ̀ ju ti òkun lọ. Òfin Ìpẹja ti ọdún 2002 àti ìlànà tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e ní 2010 ni àwọn apẹja máa ń dárúkọ jù. Má lo dáínámáìtì. Má da májèlé sómi. Má fi iná fa ẹja lóru. Má lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò tó mìlímítà 25. Kí tírọ́là má wọ omi tó sún mọ́ ilẹ̀, nítorí àwọn ọlọ́kọ̀ onígi ló ni ibẹ̀. Kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n fi dá a mọ̀. Bàbá ka gbogbo rẹ̀ fún mi láìgbójú kúrò lórí àwọ̀n tó ń hun. Mo wo ojú àwọ̀n náà. Mi ò ní rúlà lọ́wọ́, mi ò sì béèrè.

Ìdájí Ọjọ́rú ni mo padà sórí afárá, kí àkùkọ tó kọ. Ibi tó dákẹ́ lánàá ti di ariwo. Àwọn kan ń gbé jálá epo kọrí sọ́kọ̀. Pírímíìsì ni wọ́n ń pe epo yìí, bẹntiróòlù tí wọ́n ti po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́, tí ìjọba ń bá wọn san lára owó rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan ló ń pín in létíkun kọ̀ọ̀kan, mi ò sì tíì rí apẹja kan tí kò ní ẹ̀sùn nípa rẹ̀: pé kì í tó, pé àwọn kan ń tà á sí ibòmíràn lóru, pé ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí àlééfà ló ń kọ́kọ́ rí i gbà. Àwọn mìíràn ń gbé yìnyín, àwọn mìíràn ń gbé ìkòkò, èédú àti gàrí. Ẹ́ńjìnnì Yamaha tó ní agbára ẹṣin 40 ni èyí tó pọ̀ jù so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ kan tú okùn, ó gba abẹ́ afárá kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wọn kò ṣeé kà mọ́. Ẹni tó wà níwájú ọkọ̀ ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ ẹlòmíràn sẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn ń bú u. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu òkun, ìgbì gbé iwájú ọkọ̀ sókè fíofío, gbogbo wọn sì jókòó lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú ọkọ̀ kan tó gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá, mo rí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi tapólì bò. Ẹnikẹ́ni kì í gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sókun láti fi gbọ́ rédíò. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro láti mọ̀: bí òṣùpá kò bá yọ, wọ́n á tan gílóòbù ńlá sórí omi tàbí sínú rẹ̀, ẹja á rọ́ wá síbi ìmọ́lẹ̀, àgbà àti ọmọ, àwọ̀n á sì yí gbogbo wọn ká. Òfin ti kà á léèwọ̀. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀ fún Bàbá lọ́sàn-án, kò purọ́ fún mi.

“Kò dáa. Gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ mi ò bá tan iná, tí ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tan tirẹ̀, ẹja tiwọn ló máa lọ bá onítọ̀hún.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń pa Ìṣẹ́gun mọ́, tẹ́ ò wá pa ti iná mọ́?”

Ó ronú sí i díẹ̀. “Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lè jókòó síhìn-ín kí n rí i pé ọkọ̀ gbogbo wọn ló wà nílẹ̀. Ta ló ń rí ẹni tó tan iná ní òru, níbi tí ilẹ̀ ò ti hàn mọ́?”

Mi ò rò pé ọ̀gá ilé ìwé gíga kan lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọkọ̀ tó lọ dẹ ìwọ̀ máa ń pẹ́ lókun fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Ìgbà yìí ni ìlú bọ́ sọ́wọ́ obìnrin. Kí ọkọ̀ tó fi ìdí kan èbúté ni wọ́n ti ń ké sí i, tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ bi í léèrè bóyá ó rí nǹkan kó. Àwọn ọ̀dọ́ fò sómi, omi mù wọ́n dé àyà, wọ́n gbé bàsíà sórí, wọ́n ń ru ẹja wálẹ̀ ní sísáré, nítorí ẹni tó bá lọ́ra ni ọwọ́ ọmọdé á wọ bàsíà rẹ̀. Ṣáwá ló pọ̀ jù. Mo tún rí ẹja pupa, kúta mélòó kan tó gùn tó apá mi, àti ẹja bíi ẹyẹ àwòdì tó fẹ̀ pẹrẹsẹ tí ọkùnrin méjì gbé. Wọ́n da yìnyín lé wọn lórí.

Owó ẹja kì í ṣe ohun tí oníkálukú ń pè bó ṣe wù ú. Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní konkohemaa, ìyálọ́jà àwọn ẹlẹ́ja. Òun àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló ń bá ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé dúnàádúrà, iye tí wọ́n bá sì fẹnu kò lé lórí ni bàsíà kan máa jẹ́ lọ́jọ́ náà, àyàfi tí ẹja bá pọ̀ lápọ̀jù tàbí tó wọ́n jù lẹ́yìn ìyẹn. Mo dúró wò wọ́n. Olórí ọkọ̀ pe iye kan, obìnrin náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún un pè. Obìnrin náà mú ẹja kan, ó yí i padà, ó wo ìyẹ́ etí rẹ̀, ó jù ú padà sínú bàsíà, ó yí ẹ̀yìn. Ọlọ́kọ̀ fi ọwọ́ borí, ó já a wálẹ̀. Kò tó bí a ṣe ń mu omi tán, gbogbo etíkun ti mọ iye ọjọ́ náà.

Agbára obìnrin wọ̀nyí kò dá lórí ẹnu nìkan. Wọ́n wà lára àwọn tó ń yá ọkọ̀ lówó epo, wọ́n ń yá a lówó oúnjẹ àti yìnyín, àwọn kan nínú wọn ló tiẹ̀ ni ọkọ̀ àti àwọ̀n. Nítorí náà, bí ẹja bá délẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọ gbèsè. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á pín ohun tó kù: apá kan fún ẹni tó ni ọkọ̀, àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì, apá kan fún àwọn atukọ̀. Bí ọkọ̀ bá lọ tó bọ̀ lófo, gbèsè epo ọjọ́ náà á kún ti ọ̀la. Ọ̀dọ́kùnrin kan fi ohun tó kàn án hàn mí nínú ike kékeré: ẹja tí ìyá rẹ̀ á fi sebẹ̀, àti owó tí kò tó bẹ́ẹ̀ láti fi ra káàdì ìpè tó tóbi.

Ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n ti ń yan ẹja. Mo gba ibẹ̀ kọjá kíákíá nítorí èéfín, ṣùgbọ́n mo rí ààrò Chorkor, èyí tí wọ́n fi orúkọ àdúgbò apẹja kan ní Accra pè, tó ń jẹ́ kí wọ́n to páànù onígi tí wọ́n tẹ́ wáyà sí lórí ara wọn kí igi kékeré lè yan ẹja púpọ̀. Ṣáwá tó wà lórí páànù náà kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Mo bi obìnrin tó ń yí i pé ṣé èyí ni ẹja tí wọ́n ń yan tẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ wọn ti tẹ́lẹ̀ fún mi: láti ìgúnpá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

Bóyá ó fi díẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn pé ṣáwá Gánà kò dín kù. Láti oṣù keje dé ìkẹsàn-án, omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun létíkun yìí, ó ń gbé oúnjẹ ẹja wá sójú omi, ṣáwá á sì wọ́ tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ yanturu wọn. Láti àárín àwọn ọdún 1990 wá ni ohun tí wọ́n ń kó ti ń já wálẹ̀. Ọkọ̀ onígi tó wà létíkun Gánà lé ní 11,000, apẹja tó ń wọ̀ wọ́n sì lé ní 100,000. Wọ́n pọ̀ jù fún ẹja tó kù, àwọn fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò fẹ́ gbọ́ ni kí ẹnì kan máa dá wọn nìkan lẹ́bi, ìdí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ ní Elmina gan-an.

Sáíkò ni orúkọ rẹ̀. Tírọ́là ńlá gba ìwé àṣẹ láti kó ẹja tó ń gbé nísàlẹ̀ òkun. Àwọ̀n rẹ̀ ń gbá ṣáwá àti ọmọ ẹja mọ́ ọn, èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Dípò kó dà á nù, á dì í nínú yìnyín ní páálí páálí, á sì tà á lójú agbami fún ọkọ̀ onígi kan tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ jìn fún iṣẹ́ yìí nìkan, tí kò ní àwọ̀n, tí kò ní ìwọ̀. Ọkọ̀ náà á gbé e wá sí èbúté, á sì tà á fún àwọn obìnrin tí ọkọ wọn kò rí ẹja kó nítorí tírọ́là kan náà ti kó o. Elmina ni ibi tí sáíkò ti pọ̀ jù títí di 2021. Àjọ Environmental Justice Foundation àti Hen Mpoano ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2017 nìkan, nǹkan bí 100,000 tọ́ọ̀nù ẹja ló gba ọ̀nà yìí wọlé sí Gánà. Wọ́n tún ní ẹrù tí ọkọ̀ sáíkò kan ń gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó ohun tí ọkọ̀ apẹja lásán máa lọ sókun nǹkan bí ìgbà 450 kó tó kó. Àsíá Gánà ló wà lórí àwọn tírọ́là náà. Àwọn ilé iṣẹ́ láti Ṣáínà ló wà lẹ́yìn èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Òfin ti lòdì sí i látọjọ́ pípẹ́, owó ìtanràn rẹ̀ nígbà náà sì bẹ̀rẹ̀ láti 100,000 dọ́là, ó lè dé mílíọ̀nù méjì. Síbẹ̀, ní ọ̀sán gangan ló ń lọ nígbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kìlọ̀ fún Gánà ní ẹ̀ẹ̀kejì pé àwọn lè kọ ẹja rẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ sáíkò ti dúró ní Elmina.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bàbá gbé ohùn sókè lójú mi, lórí ọ̀rọ̀ yìí ni. “Nígbà náà, ọlọ́pàá ń gba àwọ̀n ọmọ mi nítorí ojú rẹ̀ kéré. Sáíkò ń já ọmọ ẹja kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń wò ó!”

Inú ìbínú yẹn ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ ọ̀rọ̀ títi òkun. Kí ẹja lè yé ẹyin, kí gbogbo ọkọ̀ dúró fún oṣù kan. Wọ́n kéde rẹ̀ fún oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn apẹja kọ̀, wọ́n sún un síwájú. Ní ọdún 2019 ni àwọn ọlọ́kọ̀ onígi kọ́kọ́ dúró, láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún dé ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Láti 2021 dé 2024, odindi oṣù keje ni. Ẹ wo ohun tó tibẹ̀ yọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù keje ni Elmina ń ṣe ọdún Bakatue, ọdún tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀sà Benya. Ṣáájú ọdún náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pẹja nínú ọ̀sà náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á fi iṣu gígún tí wọ́n fi epo pupa pò àti ẹyin bọ Benya (kò sí Yorùbá tó máa rí oúnjẹ yẹn tó máa béèrè ohun tó wà fún), wọ́n á da àwọ̀n sínú omi ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ìlú á sì mọ̀ pé ìgbà ìpẹja ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú ń ṣí omi nínú oṣù tí ìjọba ń ti òkun. Àwọn tó kọ ìkéde náà ní Accra ì bá ti rí ààyè fi ìṣirò tiwọn bá ti Benya mu, torí àwọn ará ibẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń fi omi sílẹ̀ kí ẹja lè pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn. Ní 2025, ìjọba yọ ọkọ̀ onígi kúrò nínú títi náà.

Lọ́dún 2025 yẹn kan náà ni òfin ìpẹja tuntun jáde, ohun kan nínú rẹ̀ sì ni gbogbo àtíbàbà ń sọ. Tẹ́lẹ̀, máìlì òkun mẹ́fà láti etí ilẹ̀ ni tírọ́là kò gbọ́dọ̀ wọ̀, nǹkan bí kìlómítà 11. Òfin tuntun sọ ọ́ di máìlì 12, nǹkan bí kìlómítà 22. Mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá ó gbà á gbọ́. Ó ní òun á gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú tírọ́là kan wá sí èbúté tí gbogbo ìlú sì rí i. Mi ò lè bá a jiyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé. Ní Nàìjíríà, ìlànà tó wà lábẹ́ òfin ìpẹja òkun ti ọdún 1992 ní kí tírọ́là má ṣe pẹja nínú máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ láti etíkun, kò tó kìlómítà mẹ́wàá. Ẹni tó bá bá apẹja Ìlàjẹ sọ̀rọ̀ yóò gbọ́ nípa àwọ̀n tí tírọ́là fà ya lóru nínú omi tí òfin sọ pé ti apẹja kékeré ni. Gánà ti sọ tirẹ̀ di ìlọ́po méjì. Márùn-ún ni tiwa ṣì wà. Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ ń ṣojú Ìlàjẹ, Ìbẹ̀jú-Lékkí àti Bàdágírì ní Àbújá, ẹ gbé ìwé 1992 yẹn sórí tábìlì. Ẹ fi kún máìlì rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àwọn olórí apẹja etíkun kọ̀ọ̀kan máa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ tírọ́là tí wọ́n mú.